Adìyẹ tí Ìyá Lonjezo Gbé Wá sí Ibi Iṣẹ́

Ọdún kọkàndínlógún tí Falesi Makwinja ti ń dúró sẹ́yìn káńtà ní ilé iṣẹ́ Bambo Likongwe ní Limbe, ní orílẹ̀-èdè Malawi, ni wọ́n sọ fún un pé kí ó máa ṣe bí ẹni pé òun ló ni ibẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sínú ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin. Bambo Jailosi kò tilẹ̀ tíì jẹ mandasi, àkàrà ìyẹ̀fun díndín, ọwọ́ rẹ̀ tán.

Ohun tí à ń tà níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ àgbàdo: asẹ́ onírin, bẹ́líìtì, bérìn tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ yí geere, àti àwọn òòlù pẹlẹbẹ tó máa ń yí nínú ikùn ẹ̀rọ láti fọ́ àgbàdo di ìyẹ̀fun. Àwa márùn-ún la ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Falesi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Lonjezo nítorí ọmọbìnrin rẹ̀, ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn. Bambo Jailosi (bambo ni à ń pe bàbá lọ́dọ̀ wa) ló ń jó irin, òun náà ló ń gé asẹ́. Èmi Bàbá Tiya ni mò ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù. Àwọn ọkùnrin méjì tó kù ń wa ọkọ̀, wọ́n sì ń ru ẹrù.

Ẹni tó kó wa jọ lọ́jọ́ náà ni Limbani, ọmọ ọ̀gá wa. Ọdún mẹ́jọ ló lò ní Johannesburg kí orúnkún bàbá rẹ̀ tó bàjẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é wálé. Bàtà funfun ló wọ̀. Ó ní láti òní lọ, kò sí òṣìṣẹ́ kankan mọ́ ní ilé iṣẹ́ yìí.

Àyà wa já. A rò pé ó ń lé wa ni.

"Ẹ fara balẹ̀," ó ní. "Ọkàn ni mo fẹ́ kí ẹ yí padà. Ẹni tó bá ń ronú bí òṣìṣẹ́, aago márùn-ún ló ń wò. Ẹni tó bá ń ronú bí olówò, iṣẹ́ ló ń wò. Ẹ máa wo ilé iṣẹ́ yìí bíi tiyín."

Bambo Jailosi gbé mandasi ẹnu rẹ̀ mì. "Ọ̀gá kékeré, ṣé èrè rẹ̀ náà máa di tiwa?"

A bú sẹ́rìn-ín. Limbani náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ yẹn. Ọkàn ló kọ́kọ́." Ó lẹ ìwé ńlá kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sí mọ́ ara ògiri, ó sì ní kí kálukú mú àbá kan wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Bambo Likongwe fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi òróró pa orúnkún. 

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ni púpọ̀ nínú wa fi í sí. Ṣùgbọ́n Falesi kì í ṣe ẹni tó ń gbọ́ nǹkan kó sọ ọ́ nù. Bí o bá sọ fún un pé òjò máa rọ̀, ó máa kó aṣọ wọlé kó tó bi ọ́ bí o ṣe mọ̀. Ó lọ ro ọ̀rọ̀ náà. Kí ni ẹni tó ni ilé iṣẹ́ máa ń ṣe gan-an? Bambo Likongwe nìkan ni ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó mọ̀ láyé, ohun tó sì máa ń rí i pé Bambo Likongwe ń ṣe ni pé ó ń pa iná, ó ń ṣa ìṣó nílẹ̀, ó sì ń ráhùn. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó pa iná ilé ìkẹ́rù mọ́ mi lórí níbi tí mo ti ń wá bérìn kan. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣa àwọn kùkùté irin tí Bambo Jailosi fi ń jó nǹkan, èyí tó ti sọ nù, ó kó wọn lọ bá a.

"Bàbá, èyí ṣì gùn. Ẹ ṣì lè lò ó."

Bambo Jailosi gbé ìbòjú rẹ̀ sókè. "Ìyá Lonjezo, ta ló fi yín ṣe ọ̀gá mi?"

"Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ wa ni."

"Bó bá jẹ́ tiwa lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí n ju tèmi nù."

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, kò sẹ́ni tó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì. Ó jẹ nsima, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo, àti ewé elégédé rẹ̀ lórí ìdúró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn ni nǹkan kọ́kọ́ rú òun lójú. Òun kò sí lára àwa tí à ń jẹun, òun kò sì sí lára àwọn tó ni ilé.

Ọjọ́bọ̀ ni Nachisale wọlé. Opó ni, ó ga, ó ní ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo kan ní abúlé kan lẹ́yìn Migowi, ní Phalombe. Ó fi ìró pọn asẹ́ sẹ́yìn bí ẹní pọn ọmọ. Ìgbà kẹta tó wá nìyẹn láàárín oṣù méjì, ó sì ti ra asẹ́ méjì.

"Asẹ́ yín ò dáa," ó wí fún Falesi, ó sì tú u sílẹ̀ lórí káńtà. "Ìyẹ̀fun ò jáde. Bó bá jàjà jáde, á gbóná, á rí ṣákaṣàka bí yanrìn. Àwọn èèyàn ti ń gbé àgbàdo wọn gba iwájú ilé mi kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Wọn ò tiẹ̀ kí mi mọ́. Ojú ń tì wọ́n."

Falesi wo asẹ́ náà. Kò rí ibi tó ti bàjẹ́. Ó wo ẹsẹ̀ obìnrin náà, eruku pupa ti dé kókósẹ̀. Ó wo ìwé tí Limbani lẹ̀ mọ́ ògiri. Ó wá wọ ilé ìkẹ́rù lọ́dọ̀ mi, ó mú asẹ́ tuntun kan, ó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbé e fún Nachisale láìgba nǹkan kan. Obìnrin náà kò gbà á gbọ́. Ó ń wẹ̀yìn títí ó fi jáde ní gééètì.

Aago márùn-ún kò tíì lù tí Limbani fi pè é. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ fi asẹ́ tọrẹ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"Èmi?"

"Ẹ ní ká máa wo ibí bíi tiwa. Mo wò ó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ tèmi, mi ò ní jẹ́ kí obìnrin yẹn tún san owó asẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta."

Limbani fọwọ́ gbá iwájú orí. "Ìyá Lonjezo, mo ní kí ẹ máa ronú bí ẹni tó ni ín. Mi ò ní kí ẹ máa ṣe bí ẹni tó ni ín."

"Kí ló wà láàárín méjèèjì?"

 Ó wo ìwé ara ògiri bí ẹni tó fẹ́ kà á níbẹ̀. "Kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè," ó ní níkẹyìn.

"Ẹni tó ni nǹkan, ṣé ó máa ń bèèrè kó tó ṣe é?"

 Limbani ní kí ó má tún ṣẹlẹ̀ mọ́, ó sì jáde lọ.

Jeremani, ọkọ Falesi, jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Bangwe. Nígbà tí wọ́n ń jẹun ìrọ̀lẹ́, Falesi rò fún un. Jeremani tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bó ṣe máa ń tú gbólóhùn fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ 'bíi' yẹn ni gbogbo wàhálà náà," ó ní. "Bíi tìrẹ kì í ṣe tìrẹ. Tí mo bá ní ọmọ kan ń sáré bí ehoro, ṣé mo ní ó di ehoro ni?"

Lonjezo rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Tí wọ́n bá wá ní kí ọmọ náà sáré bí ehoro, kó má sì kúrò lójú kan ńkọ́?"

Jeremani fa abọ́ rẹ̀ mọ́ra. Ó ní kí òun jẹun ná.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, Falesi mú àbá rẹ̀ wá. Ó ní kí ẹnìkan máa lọ bá àwọn oníbàárà ní abúlé wọn, kó wo ẹ̀rọ wọn níbi tó wà, nítorí pé orí káńtà kò lè fi ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ han ẹnikẹ́ni. Limbani ní àbá náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Àbá ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀, pé kí wọ́n máa gbé fọ́tò ọjà sórí fóònù, ló mú.

Oṣù Kẹfà ni Falesi máa ń gba ìsinmi rẹ̀, nígbà tí òjò wínníwínní chiperoni bá ń sẹ̀ lórí Limbe tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde nílé. Lọ́dọọdún, Zomba ló máa ń lọ, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Lọ́dún yẹn, ó sọ fún Jeremani pé Phalombe lòun ń lọ.

"Ṣé ibi iṣẹ́ ló rán ọ ni?"

"Rárá."

"Ta ló wá rán ọ?"

"Mi ò mọ̀," ni Falesi wí.

Ó wá bá mi nílé ìkẹ́rù, ó ní kí n yá òun ní sípánà mẹ́rin àti téèpù ìwọnǹkan. Mo kó wọn fún un, mi ò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Títí di òní mi ò lè sọ ìdí tí mi ò fi kọ ọ́. Ó wọ kóòtù iṣẹ́ tí wọ́n kọ orúkọ Likongwe sí àyà rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni aṣọ tó ní tí epo lè kàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Phalombe, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì tún gbọ́ ọ lẹ́nu Nachisale nígbà tó wá sí Limbe. Bọ́ọ̀sì já a sí Migowi, ó gun kẹ̀kẹ́ akérò dé abúlé náà. Nachisale rí i lókèèrè, ó dìde, ó wọlé, ó gbé asẹ́ jáde.

"Mo mọ̀ pé ẹ ó padà wá gbà á," ó ní. "Ẹ gbà, mi ò bá yín jà."

Ó pẹ́ kí Falesi tó lè mú kó dá a lójú pé kì í ṣe nítorí asẹ́ lòun ṣe wá. Wọ́n jọ wọ ilé ẹ̀rọ. Ewúrẹ́ kan ló dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ibi tó yẹ kí àwọn obìnrin tò sí pẹ̀lú abọ́ àgbàdo. Nachisale lé ewúrẹ́ náà, ó dá asẹ́ padà sínú ẹ̀rọ, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó da àgbàdo sí i. Asẹ́ tuntun ló wà nínú rẹ̀, asẹ́ tí Falesi tìtorí rẹ̀ jẹ ìbáwí. Ìyẹ̀fun jáde díẹ̀díẹ̀, ó gbóná, ó rí ṣákaṣàka bí yanrìn.

Ọkàn Falesi rẹ̀wẹ̀sì. Kì í ṣe asẹ́ ló ń ṣe ẹ̀rọ náà. Kò fi ìgbà kankan jẹ́ asẹ́.

Ó pe Bambo Jailosi lórí fóònù.

"Ìyá Lonjezo, ṣé ẹ kì í sinmi ni? Iná wo lẹ tún fẹ́ pa?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹ̀fun ń jáde ní gbígbóná, kò kúná. Asẹ́ tuntun ló wà níbẹ̀."

Bambo Jailosi pa ẹ̀rọ tó fi ń jó irin. "Ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ ṣí ikùn rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹnu àwọn òòlù yẹn, kí ẹ sọ bó ṣe rí fún mi."

Falesi fọwọ́ kàn án. "Ó dán. Ó ti rí róbótó bí ọṣẹ tó pẹ́ nínú omi."

"Ẹ̀n ẹ́n. Kì í fọ́ àgbàdo mọ́, ńṣe ló ń fara ra á. Ihò wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì òòlù kọ̀ọ̀kan. Ẹ tú gbogbo wọn, ẹ yí wọn kí orí di ìdí. Ẹnu tuntun wà ní ìsàlẹ̀ tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí."

Láti ìgbà náà títí oòrùn fi yẹ̀ làwọn obìnrin méjèèjì fi ṣe é. Bóòtù kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n da epo sí i, wọ́n ń lù ú, ìka Falesi ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún tan ẹ́ńjìnnì, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ìyẹ̀fun tú jáde funfun, ó kúná, ó tutù. Nachisale bu díẹ̀, ó fi sẹ́nu ní gbígbẹ, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà. Obìnrin àkọ́kọ́ tó ń gbé abọ́ kọjá, ó dì í lápá mú, ó mú un wọlé wá wò. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, obìnrin méje ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ariwo ẹ̀fẹ̀ wọn sì ju ti ẹ̀rọ lọ.

Falesi jókòó lórí kùkùté igi kan, ó ń wò wọ́n. Ó ní inú òun dùn lọ́jọ́ náà ju bó ti dùn rí lẹ́nu iṣẹ́ lọ. Àfi bí ọkàn rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò lójijì. Asẹ́ mẹ́ta ni obìnrin yìí gbé lọ láàárín oṣù méjì, kò sì nílò ọ̀kan ṣoṣo. Bí òun bá jẹ́ ẹni tó ni ilé iṣẹ́, ṣé ó yẹ kí inú òun dùn pé ọjà tà, àbí kí ojú ti òun? Asẹ́ tí òun fi tọrẹ ńkọ́? Limbani ní kò yẹ kí òun fún un, òótọ́ sì ni, kò yẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tí Limbani mọ̀ ni kò fi yẹ. Ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn, kò mọ èyí tí òun jẹ̀bi rẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Nachisale ń mú un kiri lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ mìíràn ní àdúgbò, ó ń wo ẹ̀rọ wọn, ó ń wọn asẹ́ wọn, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan tó rà ní ọjà Migowi. Lọ́jọ́ tó máa lọ, Nachisale gbé adìyẹ dúdú kan lé e lọ́wọ́.

"Ṣé ilé iṣẹ́ lẹ fún ni, àbí èmi?" ni Falesi béèrè.

Nachisale wò ó bí ẹni pé ooru ti mú un. "Èmi ò mọ ilé iṣẹ́ kankan. Ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Ẹlòmíràn á gbé adìyẹ rẹ̀ lọ sílé. Falesi kò lè gbé e lọ sílé. Ó rò pé sípánà ilé iṣẹ́ lòun lò, orúkọ ilé iṣẹ́ ló wà láyà òun, orí Bambo Jailosi ló sì yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gbé adìyẹ náà wọlé nínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e lé orí káńtà.

"Kí lèyí?" ni Limbani béèrè.

"Adìyẹ ni, ọ̀gá."

"Mo rí i pé adìyẹ ni. Kí ló ń ṣe níbí?"

Falesi rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fi nǹkan kan pamọ́, àní sípánà náà ó dárúkọ rẹ̀, mo sì tẹrí sísàlẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Limbani ń yí padà.

"Ìyẹn ni pé ẹ wọ aṣọ wa, ẹ kó irinṣẹ́ wa, ẹ lọ kọ́ oníbàárà wa bí kò ṣe ní ra ọjà wa."

"Bó ṣe rí nìyẹn, ọ̀gá. Mi ò sì mọ̀ bóyá ó dáa."

"Ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀?"

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi."

Limbani na ọwọ́. "Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí ẹ kọ nǹkan sí yẹn. Ti ilé iṣẹ́ ni."

Falesi fi ọwọ́ bo àpò kóòtù rẹ̀. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò rí i kó fi ọwọ́ bo nǹkan fún ọ̀gá rí. "Èmi ni mo ra ìwé yìí. Ìsinmi mi ni mo sì fi kọ ọ́."

"Orúkọ wa ló ṣílẹ̀kùn fún yín."

"Obìnrin náà ní òun ò mọ ilé iṣẹ́ kankan."

Ibẹ̀ ni adìyẹ ti yàgbẹ́ sórí ìwé rísíìtì. Kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Bambo Likongwe ló pe àwọn méjèèjì láti ẹnu ọ̀nà tó jókòó sí.

Ó sọ fún wọn pé òun náà ṣiṣẹ́ fún ọdún méjìlá lábẹ́ ọ̀gá kan ní Limbe níbí, ọ̀gá náà ti kú. Ó ní òun ní irú ìwé yẹn, ó kún fún orúkọ àwọn ẹlẹ́rọ. Ọjọ́ tí ọ̀gá náà ní kí òun mú un wá, òun kò mú un wá. Ọjọ́ kejì òun kò padà síbẹ̀ mọ́, ìwé yẹn lòun sì fi bẹ̀rẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí yìí.

"Ṣé ẹ ní kí n máa lọ ni, bàbá?" ni Falesi béèrè.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ní kí n dúró?"

"Mi ò sọ ìyẹn náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ni mò ń sọ." Ó wá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo ní kí wọ́n ronú bí olówò. Ẹni tó bá ń ronú bẹ́ẹ̀ lè lọ lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ ẹni tí kò ní lọ lo fẹ́, jẹ́ kó máa wo aago márùn-ún rẹ̀."

Limbani wá jókòó lórí táyà kan nílé ìkẹ́rù mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó fọwọ́ lérán. "Bàbá Tiya," ó ní, "ẹni tó kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yìí ní Johannesburg kò sọ ibi tó ń yọrí sí fún wa."

Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní òun ò tíì mọ̀.

A pa adìyẹ náà lọ́jọ́ Ẹtì, a sè é nínú ọgbà. Bambo Jailosi jẹ itan méjèèjì, ó ní owó ìpè fóònù òun nìyẹn.

Láti oṣù Keje ni fóònù ilé iṣẹ́ kò ti sinmi mọ́. "Ẹ fún mi ní Ìyá Lonjezo," ni wọ́n ń wí. Àwọn kan fẹ́ ra òòlù, àwọn kan fẹ́ bérìn, àwọn mìíràn kò fẹ́ ra nǹkan kan, wọ́n kàn fẹ́ kó wá bá wọn yí tiwọn padà. Asẹ́ kò tà tó ti tẹ́lẹ̀, òòlù ń tà jù ú lọ. Èmi tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi kò lè búra pé a jèrè tàbí a pàdánù. Limbani tẹ káàdì fún Falesi, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Olórí Ìbẹ̀wò Oníbàárà. Owó oṣù rẹ̀ kò yí padà.

"Kí ni olórí yìí á máa ṣe?" ni Falesi bi í.

"Ohun tí ẹ ti ń ṣe náà ni."

"Ohun tí ẹ torí rẹ̀ bá mi wí?"

Limbani kọ́kọ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún sọ pé rárá.

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Nachisale àti ẹlẹ́rọ mẹ́rin mìíràn kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n ní àwọn ti rí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Migowi, kó wá máa gbé ibẹ̀, kó máa tọ́jú ẹ̀rọ àwọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lẹ́tà náà wà nínú báàgì rẹ̀. Ó fi han gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Jeremani ní kó lọ, ó tún ní ta ni yóò máa wà nílé. Bambo Jailosi ní bó bá lọ, òun á tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ó ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn mìíràn rí. Èmi ní kó má lọ. Mo ní ọdún mọ́kàndínlógún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ nítorí lẹ́tà kan.

"Bó bá ṣe ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí ńkọ́, Bàbá Tiya?"

Mo ro ó. Mo ní mi ò mọ̀.

Níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Limbani. Ó ní òun fẹ́ máa dúró sẹ́yìn káńtà láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́rú, kí òun sì máa lọ ṣiṣẹ́ ara òun ní Phalombe láti Ọjọ́bọ̀ títí di Sátidé. Ọjà tí òun bá lò níbẹ̀, lọ́dọ̀ wọn lòun á ti máa rà á. Limbani ní òun kò gbọ́ irú èyí rí. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fọwọ́ sí i, wọ́n sì gé owó oṣù rẹ̀ sí méjì. Ní ti ìwé pélébé yẹn, Lonjezo tí ọwọ́ rẹ̀ dára ló dà á kọ, wọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ ní Limbe.

Ó ti pé ọdún kan ààbọ̀ báyìí. Nígbà ìkórè, Phalombe ń mú oúnjẹ wá fún un ju Limbe lọ. Bí òjò bá dé, tí ọ̀nà bàjẹ́, tí àgbàdo tán nínú àká àwọn èèyàn, ẹ̀rọ á dákẹ́, Falesi á sì máa dúpẹ́ pé òun kò fi káńtà sílẹ̀. Ohun tó ń dà á láàmú jù ni bí oníbàárà láti Phalombe bá wọlé wá ra nǹkan lọ́jọ́ Ajé. Kò mọ̀ bóyá kí òun tà á fún un gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ Likongwe, tàbí kí òun ní kó máa lọ sílé, òun á wá wo ẹ̀rọ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Méjèèjì ló máa ń sọ, á ní kí ẹni náà mú èyí tó wù ú. Oníbàárà náà á dúró síbẹ̀, á máa wo ojú rẹ̀, kò ní mọ ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, Lonjezo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìyá rẹ̀ ló sì lọ kọ fọ́ọ̀mù fún un. Wọ́n béèrè orúkọ bàbá àti iṣẹ́ bàbá, ó kọ olùkọ́. Wọ́n béèrè iṣẹ́ ìyá. Ó kọ òṣìṣẹ́, ó fagi lé e. Ó kọ olówò, ó fagi lé ìyẹn náà. Akọ̀wé fún un ní fọ́ọ̀mù mìíràn, èrò sì ti gùn lẹ́yìn rẹ̀. Ó pe Jeremani lórí fóònù, Jeremani ní kó ṣáà kọ nǹkan kúkúrú. Ó kọ "ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo" síbẹ̀, ó dá a padà. Akọ̀wé kà á, ó gbójú sókè wò ó, ó sì lu òǹtẹ̀ sí i.